Tósìn Ọmọ Agnes

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: olóṣèlú tó bá yá sùtánà wọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìbò ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni T. Irewọlé, akéwì tó ń du ipò káńsílọ̀ ní Peckham nílùú ọba, ṣe yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, tòun ti bàtà dídán lẹ́sẹ̀.

Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ funfun bíi wàrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán.

"Brother, bàtà yín. Àbí ilẹ̀ ń jó yín lẹ́sẹ̀ ni?"

Ojú ti akéwì. Ìfẹ́ sì wọlé, láì bọ́ bàtà.

Yéwándé lorúkọ obìnrin náà. Òun ló ń bi àwọn tó fẹ́ àdúrà léèrè orúkọ wọn àti ti ìyá wọn. Tàjùdéèn ni ọkùnrin yìí, Mìsítúrà ló bí i, mọ́sálásí ló sì ń lọ ní gbogbo Jímọ̀. Ó dáhùn pé, "Tósìn. Tósìn ọmọ Agnes."

Ẹ má bínú sí i jù. Ní yunifásítì ní New Cross, ìgbésí ayé ọlọ́lá kan ará Wales ló fi gboyè: akéwì, aṣòfin, láyé ìgbà tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ń pààrọ̀ ẹ̀sìn bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà. Bí ọba bá ti yí, baba náà á yí. Ó kú sórí ibùsùn rẹ̀, orí rẹ̀ pé lọ́rùn. Tàjùdéèn pe èyí lọ́gbọ́n. Ibi tó sáré kà kọjá ni pé baba náà kò parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí.

Ìfẹ́ dàgbà. Ó ń fi ewì ránṣẹ́ lórí fóònù. Yéwándé ń kà á nínú bọ́ọ̀sì Sydenham bó bá parí shift.

"Akéwì mi, òṣùpá lo tún pè mí. Ṣé kò sí nǹkan míì lójú ọ̀run ni?"

Ó tún ń gbààwẹ̀ kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè wọlé ìbò. Lórí eékún, lójoojúmọ́: Tósìn ọmọ Agnes.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn méjèèjì ń rìn lọ́jà Rye Lane, ohùn ìyá àgbà kan ké lẹ́yìn wọn: "Tàjù! Tàjùdéèn!"

Akéwì wa tẹjú mọ́ ẹja inú yìnyín bí ẹni tí wọn kò pè. Ìyá náà bá wọn. Yéwándé kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, Mummy. Ta lẹ ń pè?"

"Ọmọ tí mo bí ni, my dear. Ó jọ pé kò gbọ́ ohùn mi mọ́."

Yéwándé yíjú sí i. "Wait. Ta ni mo wá ń gbààwẹ̀ fún?"

Akéwì tún tẹjú mọ́ ẹja. Bọ́ọ̀sì dé, Yéwándé wọ̀ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ìbò, Tàjùdéèn padà wá nínú jalabíà tirẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró níwájú ìjọ.

"Tàjùdéèn ni mí. Mìsítúrà ló bí mi. Nítorí ìbò yín ni mo ṣe sẹ́ ìyá mi."

Ẹnì kan pòṣé. Yéwándé bi í bí àlejò: "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ àdúrà?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Ẹ rọra, ilé Ọlọ́run nìyí." Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Tàjù ọmọ Mìsítúrà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tún gbogbo ààwẹ̀ yẹn gbà."

Ó fìdí rẹmi nínú ìbò. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ń fọ́nnu létí ìyàwó: "Ṣé o rí i? Gbogbo ìbò ìjọ yín ni mo sọ nù nítorí rẹ."

"Ìbò wo?" ni Yéwándé wí. "Kò sí ẹni tó ń dìbò ní Peckham nínú wa. Sydenham ni gbogbo wa ń gbé."