Gbólóhùn Tó Sọnù

Nínú kíláàsì tí Tiwaladé ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ní àdúgbò Idaw River Layout ní Enugu, ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Májèlé wà nínú ife tíì rẹ̀. Káádì pélébé mẹ́ta wà lórí tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ ló wà lára wọn: Ó ti rẹ̀ mí. Nítorí náà, mò ń lọ. Ẹ má wá mi.

Gbogbo ènìyàn ní ó pa ara rẹ̀ ni. Alárápé, bàbá rẹ̀, kò gbà.

"Ọ̀gá, wọ́n pa ọmọ mi ni," ó wí fún Ìńsípẹ́kítọ̀ Olúdáìsí. Kò sunkún. "Ẹ ṣáà fi ojú ẹni tó pa á hàn mí."

Olúdáìsí tẹjú mọ́ àwọn káádì náà. Kí ló rẹ̀ ẹ́? Obìnrin tó máa ń fa ìlà pupa sí gbólóhùn tí kò nídìí, ṣé yóò lọ láìsọ ìdí? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rí káádì mìíràn lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù: Láti àárọ̀ ni mo ti ń gun òkè Ngwo.

Ó pe Helen, agùnbánirọ̀ tó ń bá olóògbé ṣiṣẹ́.

"Eré kíláàsì ni, sà. Àǹtí á kọ ìtàn, wọ́n á gé e ní gbólóhùn-gbólóhùn, àwọn ọmọ á wá tò ó títí ọ̀kan á fi bá èkejì mu. Tuntun nìyí. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó gé e."

Gbólóhùn mẹ́fà ló wà nínú fọ́tò náà.

"Má fi han ẹnikẹ́ni. Ta ló ń bá a jà?"

"Tíṣà Kúnmi. Àǹtí ní àwọn máa tú àṣírí rẹ̀ pé ó ń bá àwọn ọmọ kọ ìdánwò."

Kúnmi dé àgọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ríntẹ̀rín. "Etí adágún Nike Lake ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ohun tí Tiwaladé kọ."

Olúdáìsí to káádì mẹ́rin síwájú rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ò lè ṣe irú iṣẹ́ tí Tiwaladé ṣe yìí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó nàka sí àárín 'Ó ti rẹ̀ mí' àti 'Nítorí náà.' "Àlàfo nìyí. Ẹni tó rẹ̀ á jókòó sinmi ni. Bàtà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já kó tó..."

Ó yára fa ìka rẹ̀ padà.

"Ọgbọ́n lè sọ fún yín pé ìdí kan sọnù," Olúdáìsí wí. "Kò lè sọ pé bàtà ni. Bó ṣe wà nínú fọ́tò Helen nìyẹn; yàtọ̀ sí àwa tá a rí fọ́tò náà, ẹni tó yọ káádì yẹn nìkan ló lè mọ̀. Ẹni tó fẹ́ kú kì í ronú bàtà, ìyẹn lẹ ṣe yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà ni yín, ẹ ò lè rí àlàfo kẹ́ ẹ má dí i."

Alárápé dìde láti kọ̀rọ̀ tí òun àti Helen jókòó sí. Ó gba fóònù Helen, ó sì gbé fọ́tò náà síwájú Kúnmi.

"Ka èyí tó kẹ́yìn. Òun náà lo yọ."

Kúnmi kà á. "Lọ́la ni màá padà wá."

"Tún un kà."

Ọlọ́pàá de ọwọ́ rẹ̀.

"Tún un kà," ni Alárápé wí.