Musti Kò Fẹsẹ̀ Tẹlẹ̀ Mọ́

Ọjọ́ Sátidé kan ni o, nígbà òtútù. Reino ti dáná sí sọ́nà, yàrá ooru tó wà lẹ́yìnkùlé, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe ládùúgbò wọn ní àríwá Míṣígàn, l'Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè lọ jókòó sínú ooru. Aili ìyàwó ẹ̀ ń dín ẹja lọ́wọ́ nígbà tí Musti, ológbò wọn, tiro wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn, ó ká ẹ̀kẹrin sókè.

"Yéè! Musti mi, kí ló ṣe ọ́?"

Aili ju ẹja sí i. Musti ò tiẹ̀ wò ó. Àyà Aili já. Látìgbà táwọn ọmọ ti kó lọ, Musti yìí nìkan ló ń bá ṣeré lọ́sàn-án.

"Èwo ni ariwo?" Reino ní. "Gbé e wá sí sọ́nà. Àìsàn tí sọ́nà ò bá wò sàn, ikú ló kù. Màá sì fún un ní ìdajì oògùn orúnkún mi."

"Ṣé orúnkún ológbò ni wọ́n ṣe é fún ni?"

"Ìrora ò yàtọ̀ síra jàre!"

Ó ti dá oògùn náà sí méjì nígbà tí Marlys aládùúgbò wọn, dókítà ẹran, wọlé pẹ̀lú táwẹ́lì léjìká. Òun náà wá fún sọ́nà ni.

"Bàbá, ẹ dáwọ́ dúró! Oògùn ìrora táwa èèyàn ń lò, májèlé ni fún ológbò. Ìdajì yẹn lè pa á!"

Reino sọ ọ́ nù kíá, bíi pé ó jó o lọ́wọ́.

Marlys ò fa ẹsẹ̀ náà o. Ó rọra wo abẹ́ ẹ̀: kò sí ẹ̀gún, kò sí yìnyín láàárín ọmọ ìka, èékánná ò ya. Ó ṣí irun òkè. Ibẹ̀ wú, ó gbóná, ó ń rùn.

"Ológbò míì ló gé e jẹ. Ojú egbò ti dí, ọyún wá há sínú. Ibà ti wà lára ẹ̀, ooru sọ́nà á tún dá kún un. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì mi."

"Kò lè di Mọ́ńdè ni?" Aili bi í.

"Mà, kò jẹun, kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kò lè dúró."

Wọ́n gbé e lọ. Marlys la ibẹ̀, ó fọ ọyún jáde, ó fún un lóògùn ológbò. Musti yè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ológbò máa ń pa ìrora mọ́ra ni. Tó bá ń tiro díẹ̀, tó ń jẹun, tí ẹsẹ̀ ò wú, ẹ sé e mọ́ yàrá kan kó sinmi. Tílẹ̀ bá mọ́ tó ṣì ń tiro, ẹ pe dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n tí kò bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, tí ẹsẹ̀ wú tàbí tó wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí tí kò jẹun, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ. Tó bá wá ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀hún tutù, tó ń ké, ẹ sáré o, ẹ má wẹ̀yìn. Oògùn tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ara yín.