Ìmọ̀ràn Keje

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni Kíákíá kú, eré ìje sì ku ọ̀la. Nígbà tí Dókítà ẹranko dé ní aago mẹ́sàn-án, ẹṣin náà ṣì wà níbi tó ṣubú sí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti sọ gbogbo àgbàlá di ẹrẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ẹṣin kò tiẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà sọ àpò ẹ̀ kalẹ̀.

"Dókítà, mi ò pè yín pé kẹ́ ẹ wá tọ́jú ẹ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síwèé pé májèlé ló pa á. Ẹni tó ṣe é nìyẹn."

Ó nawọ́ sí Bàbá Ìjánu. Ọkùnrin arúgbó náà jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tọ́jú ẹṣin nínú ilé yìí, débi pé kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́.

"Mo ti pe ọlọ́pàá," Ọ̀gá ní. "Wọ́n ní tó bá di aago méjì, àwọn á ti dé."

"Kí lẹ rí lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọ̀gá gbé ìgò kan sókè. "Abẹ́ ibùsùn ẹ̀ nìyí wà. Ó ní òun da díẹ̀ sí ẹṣin lẹ́nu lánàá."

Dókítà gba ìgò, ó gbóòórùn ẹ̀, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tọ́ ọ wò. Ọ̀gá fà sẹ́yìn bí ẹni pé òun ni wọ́n fún mu.

"Omi iyọ̀ ni. Èmi gan-an ni mo kọ́ wọn. Ẹṣin tó bá làágùn jù, ẹ fún un ní omi iyọ̀. Ó wà nínú ìwé ìmọ̀ràn àkókò òjò tí mo kàn mọ́ ògiri yín níbẹ̀ yẹn."

"Ta ló wá pa á? Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ ẹṣin."

Bàbá Ìjánu gbójú sókè. "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ló ní májèlé, ṣebí àwọn adìyẹ ì bá ti kú. Ẹ wò wọ́n."

Gbogbo wọn wò. Àwọn adìyẹ ilé ń ṣa ohun tó dà sílẹ̀ láti inú korobá Kíákíá. Ìyẹ́ wọn ń dán. Ọ̀kan tiẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ ẹṣin tó ti kú náà, Bàbá Ìjánu sì rọra lé e.

Inú bí Dókítà. Kì í ṣe ikú ẹṣin nìkan ló bí i nínú. Ó ti rí i rí, bí wọ́n ṣe ń mú arúgbó tí kò ní agbẹjọ́rò lọ, tí ẹjọ́ ẹ̀ á sì pẹ́ láyé jù ú lọ.

"Ẹ fún mi láyè títí di aago méjì," ó ní.

"Kẹ́ ẹ fi ṣe kí ni?"

"Kí n lè mọ ohun tí mo máa kọ."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin Ọ̀gá kúrò nítòsí, ó sì la ẹṣin náà. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ọkàn ẹṣin náà ní ìlà funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ikùn ẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè wà láàárín ọkà bàbà.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń lọ oúnjẹ ẹṣin ni?"

"Rárá o. Odidi ọkà bàbà ni, pẹ̀lú koríko. Màá bu ún sínú korobá, màá rẹ ẹ́ sómi lẹ́nu ọ̀nà níbí, màá wá lọ gé koríko. Tí mo bá dé, ó ti rọ̀."

"Korobá á sì wà níta fúnra ẹ̀?"

"Fún bíi wákàtí kan. Ta ló máa jí oúnjẹ ẹṣin?"

"Ìgbà wo lara ẹ̀ ò dá mọ́?"

Arúgbó náà ronú. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti kọ oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí mo padà dé lálẹ́, korobá ti ṣófo, inú mi dùn. Ọjọ́rú, bákan náà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ń làágùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbọ̀n, ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi tíì. Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní ojora eré ìje ni."

Ọ̀gá wo ibòmíràn.

Dókítà gbé korobá Kíákíá. Èèrà tò yí ìdí ẹ̀ po, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde. Ó wo korobá abo ẹṣin tó wà ní ìyẹ̀wù kejì, kò rí èèrà kankan. Abo ẹṣin náà ń jẹ koríko ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó wá lọ síbi ìwé tó wà lára ògiri. Ó kà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹṣin dúró sínú ẹrẹ̀, ẹ gbẹ pátákò ẹ̀. Ẹ má fún un ní koríko tó ti hu èbu. Mẹ́fà ló kà. Ó tún un kà. Etí ìsàlẹ̀ ìwé náà kò fàya. Wọ́n gé e ni, ó sì ní eyín wẹ́wẹ́ tó dọ́gba bíi ti ayùn.

"Ta ló gé e?"

"Mi ò mọ̀wé kà," Bàbá Ìjánu ní. "Ọmọ Ọ̀gá ló máa ń kà á fún mi. Ọjọ́ Ajé ló kà á, ìmọ̀ràn mẹ́fà."

Dókítà rọra yọ ìwé náà lára ògiri. Méje lòun kọ.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, aládùúgbò wọn wọlé láti bá wọn kẹ́dùn. Ipò Kejì ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọdún mẹ́rin léraléra ni ẹṣin ẹ̀ ń tẹ̀ lé Kíákíá.

"Ẹ̀yin lẹ gbé koríko wá lọ́jọ́ Ajé," Dókítà ní.

"Èmi ni. Àbí ẹ̀bùn ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa ṣáájú yín."

Ọkùnrin náà wo òkú ẹṣin. "Dókítà, ìdí ẹṣin yìí ni mo ti ń wò láti ọdún mẹ́rin wá, mo mọ̀ ọ́n ju ojú ẹ̀ lọ. Tí mo bá máa gba ipò kìíní, kí n gbà á lójú ẹ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ fi tọ̀la ṣe báyìí? Ẹ̀wù eré mi tiẹ̀ ti délé láti Ọjọ́rú. Àǹtí ilé yìí ló rán an. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í yẹ àdéhùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Dókítà gbóòórùn koríko náà. Ó gbẹ, kò sí èbu. Abo ẹṣin ti jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ara ẹ̀ le. Ipò Kejì kọ́ ló ṣe é. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá. Láti ìgbà tí ìyàwó Ọ̀gá ti kú ló ti ń tọ́ ọmọ ibẹ̀, ó sì ń ránṣọ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ibẹ̀ ni Dókítà ti lọ fọ ọwọ́. Àpò oúnjẹ adìyẹ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù pupa kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò tíì lápá. Ọmọbìnrin Ọ̀gá jókòó lórí àga, ojú ẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀wù tìẹ nìyẹn?" Dókítà bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ti ọ̀la ni. Èmi ni mo máa ń gun Kíákíá."

Àǹtí gbé tíì fún àlejò. "Ẹ má bínú, ṣúgà ni mo fi sí i. Oyin ti tán."

"Ìgò ńlá tá a rà lọ́jọ́ Ajé?" ọmọ náà béèrè.

"Ikọ́ ni mo fi ń wò," Àǹtí ní, ó sì wúkọ́. Ó jọ pé ìgbà yẹn gan-an ni ikọ́ náà rántí pé òun wà níbẹ̀.

Dókítà mu tíì ẹ̀ tán. Àwọn àgékù aṣọ wà nílẹ̀. Ó ṣa ọ̀kan, ó sì fi sápò.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù, ó pe Ọ̀gá àti Bàbá Ìjánu wá bá Àǹtí ní yàrá ìránṣọ. Ó rọ ọmọbìnrin náà pé kó lọ dúró ti abo ẹṣin.

"Ọ̀gá, májèlé ni. Àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo ẹranko. Nígbà òjò, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń pa adìyẹ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń po oògùn mọ́ oúnjẹ wọn. Adìyẹ á jẹ ẹ́, á sanra. Tí ẹṣin bá jẹ ẹ́, ó parí. Òun ni ìyẹ̀fun tí mo rí nínú ikùn Kíákíá."

"Ta ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá ka ìwé mi." Dókítà yọ ẹ̀dà kan nínú àpò. "Méje ni mo kọ. Ẹ gbọ́ ìkeje. 'Ẹ má fún ẹṣin ní oúnjẹ adìyẹ. Oògùn inú ẹ̀ máa ń gba agbára lẹ́sẹ̀ ẹṣin, ó sì lè dá ọkàn ẹ̀ dúró.' Ẹnì kan gé e kúrò kí ọmọ yín tó kà á fún Bàbá. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ó to ìwé ara ògiri àti àgékù aṣọ síra wọn lórí tábìlì. Eyín wẹ́wẹ́ wà létí méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Sísọ́ọ̀sì eléyín," Ọ̀gá ní, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Kò sí irú ẹ̀ nínú ilé yìí àfi…"

"Oyin ló wà nínú korobá, èèrà ló sọ fún mi. Ẹ̀wù pupa yẹn ló sì parí ọ̀rọ̀. Aránṣọ tó bá aládùúgbò parí tiẹ̀ láti Ọjọ́rú, kí ló dé tí tọmọ ẹ̀ ò tíì lápá, tí eré sì ku ọ̀la? Àǹtí, ẹ ti mọ̀ pé kò ní wọ̀ ọ́."

Ọ̀gá yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ sọ pé irọ́ ni."

"Má pariwo," Àǹtí ní. "Èmi ni."

Ó kọjú sí àbúrò ẹ̀.

"Nígbà tí ọmọ yìí ṣubú lórí ẹṣin yẹn lọ́dún tó kọjá, o bá a dé ilé ìwòsàn, o sì padà síbi iṣẹ́. Èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta. Dókítà egungun ní tó bá tún fi ọrùn yẹn ṣubú, kò ní dìde mọ́. Mo sọ fún ọ. Mo kúnlẹ̀ fún ọ, èmi tí mo gbé ọ pọ̀n. O rẹ́rìn-ín. O ní ẹ̀rù obìnrin ni. Ìyá ẹ̀ mú ọwọ́ ẹ̀ fi sí tèmi kó tó kú, kò fi sí tìẹ."

"Ẹ wá pa ẹṣin," Ọ̀gá ní.

"Mi ò fẹ́ pa á. Ti ẹsẹ̀ ni mo kà. Mo ní kí ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ̀ kí eré fi kọjá. Ti ọkàn yẹn, mo rí i, mi ò kà á sí."

Dókítà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló kọ ọ́, kí ẹṣin má bàa kú ló sì ṣe kọ ọ́. Ó dùn ún gan-an.

"Bàbá Ìjánu ńkọ́?" ó béèrè. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń wò ó níbẹ̀."

Àǹtí kò lè wo arúgbó náà. "Mo ní tí aago kan bá lù, màá sọ. Aago kan lù. Mo tún ní kó di àbọ̀."

Ó bọ́ téèpù ọrùn ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yọjú wò ó, korobá kún, kò fẹnu kàn án. Mo rò pé Ọlọ́run ò fẹ́ ni. Lọ́jọ́rú ni mo wá da oyin sí i. Oyin yẹn ló tàn án jẹ."

"Kì í ṣe oyin, Àǹtí."

Ọmọbìnrin náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé.

"Bàbá Ìjánu ní kò jẹun. Mo bá ń bu ún sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń bẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ títí korobá fi ṣófo. Ọjọ́ méjèèjì. Kò fẹ́ jẹ ẹ́. Torí tèmi ló ṣe jẹ ẹ́."

Téèpù já bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ọmọ náà sì fi tiẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ọlọ́pàá ti dé. Ọ̀gá, ẹni tó pè wọ́n, wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Fèrè tún dún.

Bàbá Ìjánu dìde. Ó fa ọwọ́ ọmọbìnrin náà jáde lẹ́yìn ẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù ara ẹ̀ nu àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, bó ṣe máa ń nù ún nígbà tó wà ní kékeré tó bá ti ilé ẹṣin dé. Lẹ́yìn náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, ó sì lọ ṣí géètì fún wọn, torí òun náà ló máa ń ṣí i.