Abẹ Tí Kò Ní Ìwúwo

Ibùsùn wa kò dún ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ọkọ mi jókòó sí etí rẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀. Ibùsùn àtijọ́ ni, kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá yí ara padà lórí rẹ̀, ará ilé kejì á mọ̀. Mo la ojú, mo ń wò ó. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ ti òsì, ó dìde, ibùsùn ò sọ nǹkan kan. Aṣọ tó jókòó lé lórí kò tilẹ̀ rún.

Mo ní, "Ta ló bá wa tún ibùsùn ṣe?"

Ó ní, "Bóyá ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀ ni."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ọkọ mi. Oṣù kan péré ló fi jù mí lọ, n kò sì ní torí oṣù kan máa pè é ní ẹ̀yin. Ẹ̀fẹ̀ la fi ń jẹun nílé wa. A kò bímọ. A wá ọmọ títí, ó sú wa, a gba kámú. Òun nìkan ni mo ní láyé tí mo lè pè ní tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ síwájú.

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni ọkọ mi ń ṣe. Ní ilé ìkẹ́rùsí kan ni, níbi tí wọ́n ti ń kó àpò àti páálí wá láti ibi gbogbo, òun ló sì ń wọn wọ́n kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀. Kò sí ohun tó máa gbé lọ́wọ́ tí kò ní sọ bó ṣe wúwo tó. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á kọ́kọ́ gbé abọ́ náà wò, á ní mo ti tún rẹ́ òun jẹ lónìí. Èmi, aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpópónà.

Irùngbọ̀n ló kó bá wa. Abẹ tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un ló ń lò tẹ́lẹ̀, abẹ onírin tó wúwo, tí wọ́n máa ń ki bíléèdì olójú méjì bọ̀ lórí. Abẹ gidi ni, ṣùgbọ́n ara ọkọ mi kò gbà á. Gbogbo ọrùn rẹ̀ kún fún kókó, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ta sí kọ́là ẹ̀wù tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Lọ́jọ́ kan, ṣáájú àárọ̀ ibùsùn yẹn, ó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú abẹ mìíràn. Ó ní ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ ẹrù wọlé ló fún òun. Ọkùnrin náà wo ọrùn òun, ó ṣe é láàánú, ó sì fa abẹ náà yọ lápò.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n jù ú sókè. Kò yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀ lójú: orí tó ń ṣí, ọrùn tó ń yí, etí méjèèjì tí bíléèdì ti ń yọ síta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ pé òun di nǹkan mú.

"Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré ibi iṣẹ́ wa," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Èyí tó ń mọ ìwúwo ewé bébà kan. Kò mì."

"Kí ni ẹni tó fún ọ sọ?"

"Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Ó ní abẹ tó bá wúwo, ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń fá irun. Èyí ò ní tiẹ̀. Kí n ṣáà máa fà á lọ jẹ́jẹ́, yóò rí èyí tó máa lò."

Ẹni tó ń ti ìdí òṣùwọ̀n jẹun, tó mọ̀ pé kò sí ìwúwo kan tí kò ní ibi tó ti wá, kò béèrè ibi tí abẹ yóò ti rí i. Inú rẹ̀ dùn jù.

Láràárọ̀ ni mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Á fi omi gbígbóná bọ́jú, á po ọṣẹ nínú ife títí yóò fi hó, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á gbé orí sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà á fa abẹ láti ìdí etí wá sí àgbọ̀n, á fọ̀ ọ́ nínú omi, á yí i sí ojú kejì, á tún fà á. Abẹ bàbá rẹ̀ a máa ha gààrà bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Eléyìí kì í dún rárá. Kókó ọrùn rẹ̀ pòórá, ara rẹ̀ ń dán, mo sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní òun kì í mọ̀ ọ́n lára, àfi bíi pé ẹnì kan ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ibùsùn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún lórí àtẹ̀gùn mọ́. Bó bá wọ bàtà, bàtà kì í tẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì rọra kàn án léjìká, ó ta gìẹ́gìẹ́ títí dé ara ògiri òdìkejì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó dìde dúró kí n wọ̀n ọ́n. Ó rò pé ẹ̀wù tuntun ni mo fẹ́ rán. Mo yí téèpù mọ́ àyà rẹ̀, mo yí i mọ́ ìdí, mo wọn itan àti apá. Ó pé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sórí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Kò rù. Ká ní ó rù ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe, ǹ bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú mi kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí, mo tún wọn àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí mo ń fọ báàsínì ilé ìwẹ̀ ni mo rí ìdáhùn. Mo fẹ́ gbé abẹ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, kò tẹ̀lé ọwọ́ mi. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó fa ọrùn ọwọ́ mi wálẹ̀, ó wúwo ju áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ lọ. Mo pe ọkọ mi. Mo ní kó gbé e.

Ó gbé e wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé apá ara rẹ̀, bó ti ń gbé e láràárọ̀ láìfura. Ó dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe máa ń di ohun gbogbo mú láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó dijú, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó rọra dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Mélòó ni?" mo béèrè.

"Má béèrè."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀, ó sì gbà pé òun kò ní fi kan ojú òun mọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù, ó kún. Ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò padà, ohun tó kù sì ń tẹ̀lé e lọ bí omi tó ti mọ ọ̀nà. Ní ilé ìwẹ̀, abẹ náà já pẹpẹ tó wà lórí rẹ̀, ó fọ́ táìlì ilẹ̀, ó sì rì wọnú sìmẹ́ǹtì díẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò mì. Mo ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí mi.

Kí ni aránṣọ lè ṣe? Mo tú ìṣẹ́tí gbogbo ṣòkòtò rẹ̀, mo to nọ́ọ̀tì irin tí àwọn mẹkáníìkì ń lò sínú rẹ̀, mo rán an padà, abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó ń rìn bí èèyàn, inú mi sì dùn díẹ̀. Ọ̀sán ni ó padà, kì í dé lọ́sàn-án. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé.

Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣeré. Ọ̀gá ní ẹni tó ń wọn gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n rí. Wọ́n tì í sórí òṣùwọ̀n ńlá, èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò.

"Òṣùwọ̀n ńkọ́? Kí ló sọ?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Ó sọ ìwúwo nọ́ọ̀tì tó o rán sí mi lẹ́sẹ̀. Kò lé, kò dín."

Ó ní ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gá rọra ní kó máa lọ ilé kó lọ sinmi, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò wá béèrè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló wá. Ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú, àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí aṣọ tí a ká lórí okùn. Kò sunkún níwájú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ fún mi pẹ̀lú ohùn wẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó wa, jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Ìwọ kọ́ lo bí i."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Màá pọ̀n ọ́n."

Bíbínú ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀tì kò tó mọ́. Ó ń dìde kúrò lórí àga láìjẹ́ pé ó fẹ́ dìde, fèrèsé sì ń pè é. Mo ní ọ̀já kan ní ìsàlẹ̀ àpótí, tí mo ti rán nígbà tí a ṣì ń retí ọmọ, mo ṣe iṣẹ́ ọnà sí etí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọkọ mi sẹ́yìn, mo fi ìró bò ó, mo fi ọ̀já náà gbà á. Ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì. N kò mọ̀ pé mo pọn nǹkan kan, àfi irùngbọ̀n rẹ̀ tó ń gún mi lọ́rùn. Báyìí ni mo ṣe ń ránṣọ, báyìí ni mo ṣe ń dáná. Oníbàárà kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí wa, ó gbàgbé aṣọ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Etí mi ló ń sọ ọ́ sí. "Aránṣọ mi, bá mi fá a."

"N kò fá a."

"Kò dùn mí. Ó dà bíi pé mo sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gbé ẹrù. Èyí tó kù ò ju inú irun yìí lọ. Bá mi fá a kí n lọ sinmi."

"Èmi ńkọ́?"

Á tún sọ pé kí n bá òun fá a. Ìyẹn ló ń pa mí. Ọkọ mi tó ní ẹ̀fẹ̀ fún ohun gbogbo, kò rí èyí tó máa fi tù mí nínú, nítorí kò rántí mọ́ ohun tó ń mú èèyàn fẹ́ dúró.

Lánàá, ní ọ̀sán gangan, mo ń rán apá ẹ̀wù kan. Oòrùn wà lórí tábìlì, òpópónà dákẹ́. Mo dá ẹ̀rọ dúró láti já òwú, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ń gún mi lọ́rùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sinmi lé ọrùn mi ń dán, ó tutù, ó ṣì ní omi díẹ̀ lára. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo yàrá. Mo fọwọ́ kan ìdí mi, kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ló bá ọ fá a?"

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti gbá a pẹ́pẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó fẹ́ sùn. Ọ̀já náà rọ̀ pẹlẹbẹ mọ́ mi, ọwọ́ mi sì kan ẹ̀yìn ara mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì gbẹ. N kò tíì bojú wẹ̀yìn, n kò sì ní tú ọ̀já náà.