Ojú Èké Lórí Tẹ́mínà Kẹta

Mátírọ́nù fi ìka tọ àádọ́rin orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fúnlọ́lá kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọlé sí Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Ìtùnú ní Challenge. Ọmọbìnrin náà dúró ti àpótí rẹ̀. Adégbóyè, bàbá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Òkè Àdó, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká lórí.

"Orúkọ rẹ kò sí, ọmọ mi."

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí mi."

Ó na lẹ́tà náà sí i. Mátírọ́nù mọ ìbuwọ́lù ara rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ọwọ́ máàkì jáde. Fúnlọ́lá gba mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹni tó jókòó sípò rẹ̀ nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, Fọláyọ̀ kan báyìí, gba mẹ́rìnlélógójì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Mátírọ́nù ti rí márùn-ún bẹ́ẹ̀: wọ́n yọ márùn-ún tó yege, wọ́n fi márùn-ún tó fìdí rẹmi rọ́pò wọn. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe ọlọ́pàá.

Ilé-iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Dátà ló ń bá ilé ẹ̀kọ́ náà tọ́jú orúkọ, lórí ilé alájà méjì kan ní Ring Road. Sájẹ́ǹtì Gàfárù débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í jókòó bó bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè.

"Ta ló ní ìwé orúkọ yìí níkàáwọ́?"

"Èmi ni," ni Ìyáàfin Yéjídé Adégbìtẹ́ dáhùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, opó ni, òun sì ni olórí àwọn tó ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà.

"Kọ̀ǹpútà ní orúkọ yín ló wọlé yí i padà lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹjọ. Òótọ́ àbí irọ́?"

"Orúkọ mi ni. Ọwọ́ mi kọ́."

"Ta tún mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà?"

"Èmi àti Ọlọ́run."

"Ṣé Ọlọ́run ló yí i ni, màdáámù?"

Ìyáàfin Adégbìtẹ́ bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún. Ní ẹ̀yìn pátákó tó pín yàrá sí méjì, Olúrótìmí Akíndúró gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó gbàgbé lẹ́tà tó kàn. Òun ló ṣe é.

Ọmọ Oǹdó ni Olúrótìmí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni Fọláyọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan, orúkọ bàbá tí wọ́n ń jẹ́ kò sì jọra, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fọláyọ̀ ti fìdí rẹmi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá wọn ránṣẹ́ pé: "Ìwọ lo wà níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Má jẹ̀ẹ́ kí àbúrò rẹ bá mi dàgbà sídìí ààrò."

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà ní, nínú yàrá tútù lẹ́yìn. Tẹ́mínà márùn-ún ló wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́, gíláàsì àti bọ́tìnnì lásán tí kò ní làákàyè tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, yóò fi lẹ́tà hàn. Bó bá fi àmì àṣẹ ránṣẹ́, yóò nu ojú gíláàsì, tàbí kó bọ́ sí ìlà kẹwàá kó máa kọ̀wé láti ibẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àmì tí tẹ́mínà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe gbọ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe kì í gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àmì gbogbo wọn sínú fáìlì kan nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ tí ẹni tó ń kọ ètò yóò máa pè. Ìwọ ṣáà ní "nu ojú gíláàsì". Irinṣẹ́ náà ni yóò wo irú tẹ́mínà tó wà níwájú rẹ, tí yóò sì bá a sọ èdè tó gbọ́.

Olúrótìmí mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ó jókòó, ó kọ ètò kékeré kan tó ń ya ojú èké sórí tẹ́mínà: ojú tí òṣìṣẹ́ máa ń bá láàárọ̀, tó ń ní kó tẹ orúkọ rẹ̀, kó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Tẹ́mínà kẹta, tí Ìyáàfin Adégbìtẹ́ ń lò, ló gbé e sí. Obìnrin náà dé, ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ojú èké gbà á, ó pa á mọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Àṣìṣe, tún un tẹ̀," ó sì kúrò lọ́nà fún ojú gidi. Obìnrin náà rò pé òun ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ ni. Ó ní ojú òun ti ń ṣú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ ra jígí tuntun, ó sì bi Olúrótìmí bóyá ó bá òun mu.

Olúrótìmí ní ó bá wọn mu.

Fọláyọ̀ nìkan ló fẹ́ ṣe é fún. Ṣùgbọ́n Olúgbádé, akọ̀wé kan ní Dùgbẹ̀ tó ń ta ìwé ìdánwò lábẹ́lẹ̀, mọ máàkì Fọláyọ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá bá Olúrótìmí nílé ní Agbowó. "Tèmi mẹ́rin, tìrẹ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń lọ sọ́dọ̀ Mátírọ́nù." Bí orúkọ kan ṣe di márùn-ún nìyẹn.

Ní ìsìn Ọjọ́rú, Olúrótìmí wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ ní Òkè Àdó. Àgùntàn Ọlọ́run kan jáde síwájú láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Olúrótìmí gbójú sókè, ó rí Adégbóyè, télọ̀ tó rán aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin ará, mi ò ṣépè," ni Adégbóyè wí. "Ọmọ mi kò jẹun láti ìjẹta. Ẹni tó mú ipò rẹ̀, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kó dá a padà. Ìyẹn nìkan ni."

Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Olúrótìmí náà kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbàdúrà sókè, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olúgbádé dá a dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀.

"Mátírọ́nù fẹ́ gbé ìwé orúkọ kejì jáde. Mo ní méjì sí i."

"Ọlọ́pàá ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí."

"Nídìí ìyá arúgbó yẹn ni wọ́n wà. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀."

"Ó ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ padà."

"Ṣebí o mọ bí o ṣe gbà á níjọ́sí. Àbí kí n lọ kí Gàfárù?"

Ọjọ́ Ẹtì, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, Olúrótìmí ti dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó wọlé sórí tẹ́mínà kẹta pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó tẹ orúkọ ètò náà, ó pa iná gíláàsì kí ẹnikẹ́ni má baà fura, ó sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Kò wo ojú tẹ́mínà náà dáadáa. Bí ó bá wò ó ni, ì bá rí i pé kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́jú láti ọjọ́ mẹ́ta, Wándé Adésànyà, ẹnjiníà tó ń tún wọn ṣe, sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́sàn-án àná, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Olúrótìmí kò pe irinṣẹ́ nígbà tó ń kọ ètò yẹn. Ìkánjú ló fi kọ ọ́. Ó ti àmì tẹ́mínà àtijọ́ bọ inú rẹ̀ tààrà, nítorí irú kan náà ni márààrún nígbà náà.

Ìyáàfin Adégbìtẹ́ dé, ó tan iná gíláàsì. Ó kígbe.

"Wándé! Wá wo nǹkan tó wà níbí."

Àmì àṣẹ tí tẹ́mínà tuntun kò gbọ́ ló kọ jáde bí lẹ́tà: àkámọ́, nọ́ńbà eéjì, lẹ́tà J, àkámọ́, lẹ́tà H. Ọ̀rọ̀ "orúkọ" àti "ọ̀rọ̀ ìwọlé" wà láàárín wọn wúruwùru bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Wándé tẹ̀ síwájú. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà. Ojú gidi mọ tẹ́mínà yìí, èmi ni mo júwe rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Èyí kì í ṣe ojú gidi." Ó kọjá sórí tẹ́mínà kejì, ó bi kọ̀ǹpútà léèrè ẹni tó wà lórí ẹ̀kẹta. Ó yẹ kó dáhùn pé kò sí ẹnì kankan.

Olúrótìmí ni kọ̀ǹpútà dárúkọ.

Gàfárù kò pẹ́ rárá kó tó dé, òun àti kọ́ńsítébù méjì.

"Kí lorúkọ rẹ ń ṣe lórí tẹ́mínà màdáámù?"

"Mo lò ó láàárọ̀, sà. Mo gbàgbé láti jáde ni."

"O gbàgbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Gàfárù wo Wándé. Wándé ní, "Ẹni tó gbàgbé láti jáde kì í ya ojú ìwọlé èké sílẹ̀. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wo inú ètò yìí."

Olúrótìmí ní òun fẹ́ tọ̀. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó fo ọgbà, ó bọ́ sí òpópónà kejì. Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Gàfárù láti ojú fèrèsé: "Màdáámù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é! Níbo ló gbà lọ?" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún. Kò tíì gbọ́ kí obìnrin náà sunkún rí. Ó dúró. Takisí kan fọn fèrè, ó wọ inú rẹ̀, ó ní kó gbé òun lọ sí gáréèjì Ìwó Road.

Ọkọ̀ Oǹdó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó fi sábẹ́ ìjókòó, ó jókòó ti fèrèsé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan tó gbé àpò gàrí lé itan béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Dírẹ́bà ń fi kọ́kọ́rọ́ sí i nígbà tí kọ́ńsítébù kan, tí Gàfárù ní kó máa yẹ ọkọ̀ wò ní gáréèjì, yọ orí sínú.

"Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Ẹ rí i?"

Kọ́ńsítébù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Olúrótìmí, ó wo ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ máa lọ."

Ọkọ̀ ṣí. Ó rìn tó ilé mẹ́ta. Ẹkún obìnrin yẹn kò kúrò létí Olúrótìmí.

"Dírẹ́bà, ẹ bá mi dúró."

Ó fẹsẹ̀ rìn padà. Kọ́ńsítébù ń bá ọlọ́kọ̀ mìíràn jà.

"Ọ̀gá, èmi lẹ ń wá."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Gàfárù fún un ní ìwé àti bírò. Ojú ewé mẹ́rin ló kọ, kò fi ohun kankan pa mọ́: ojú èké, orúkọ márùn-ún, Olúgbádé àti ilé rẹ̀. Kó tó parí, wọ́n ti lọ mú Olúgbádé lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n tú Ìyáàfin Adégbìtẹ́, tí wọ́n ti mú wá síbẹ̀ láàárọ̀, sílẹ̀. Ó yà níwájú Olúrótìmí kó tó lọ.

"Mo máa ń fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì mi kí ẹ̀yin ọmọdé má baà rí i," ni obìnrin náà wí. "Mi ò mọ̀ pé gíláàsì gan-an ló ń wò mí." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Odindi oṣù kan ni mo fi ń rò pé orí mi ló ti ń dàrú, Rótìmí."

Olúrótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà bọ́ síta, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè é, wọ́n dì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mátírọ́nù pe àwọn márùn-ún tí wọ́n yọ. Fọláyọ̀ di ẹrù rẹ̀, ó jáde láìwo ẹ̀yìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Adégbóyè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun fẹ́ rí ọmọkùnrin yẹn. Ó dúró lẹ́yìn irin, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ìwọ nìyí? Mo rí ọ ní Ọjọ́rú, o kúnlẹ̀ sẹ́yìn mi."

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi ti wọlé. Ó jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án òní, ó ní kí ìyá rẹ̀ bu sí i."

Olúrótìmí kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Adégbóyè di irin mú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ìdáríjì ń bọ̀," ló wí. "Kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀."

Ó fi fìlà dé orí, ó kí Gàfárù pé ó dàárọ̀, ó sì gba ọ̀nà Òkè Àdó lọ.