Àlejò Tó Bá Wa Pẹja Hauki

Èémí ọkùnrin náà kò yọ èéfín. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, kí n tó wo ojú rẹ̀ pàápàá. Òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà mú débi pé etí adágún ti ń di yìnyín, tínrín bíi gíláàsì fèrèsé, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ bí mo ṣe ń tì í bọ́ sómi. Èéfín ń rú lẹ́nu èmi àti Oiva bíi ti ìkòkò tó ń hó. Ọkùnrin tó dúró lórí afárá onípákó wa kí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, àmọ́ ohùn nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, mo sì gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀.

Oiva ni ọkọ mi. Nígbà ooru ọdún yẹn, dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ kò le mọ́, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀. Marketta ọmọ wa ní kó kúkú gbé ọ̀pá ìpẹja kọ́ ara ògiri. Oiva wo àwọn méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ní kó má jẹun mọ́. Èmi ni mo dá ẹjọ́ náà. Mo ní n ó máa wa ọkọ̀, òun á máa ju ìwọ̀, ó parí.

Ṣebí èmi náà ni mo ti ń wà á láti ìgbà tí a ti pàdé. Àwọn ọkùnrin yòókù ń mú ọmọge lọ sóde ijó. Tèmi ní kí n wá bá òun wa ọkọ̀. Inú bí mi nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀, ibi tó ń lọ ló kọ ẹ̀yìn sí, ojú ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ ló ń wò. Bí mo ṣe wo ojú Oiva títí tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ mọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ni mo fi ń wo ojú náà. Mò ń bẹ̀rù kí ọkùnrin yìí má lọ kú mọ́ mi lójú láàárín omi, níbi tí kò sí ẹni tí mo lè ké sí.

Àlejò náà ní yìnyín ti há ọkọ̀ òun mọ́ òdìkejì, ó ní ṣé a lè gbé òun dé etí ilẹ̀ tí igi páìnì pọ̀ sí lọ́hùn-ún. Oiva ní kó wọlé. A ò bi í ní orúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kí èèyàn máa bi àlejò ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń tú àpò rẹ̀ wò. Bó bá wù ú, á sọ. Ó jókòó sí iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ wa kékeré ni. Bí ológbò bá bọ́ sínú rẹ̀, n ó mọ̀. Èyí bọ́ sínú rẹ̀, ọkọ̀ ò mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń pa hauki nínú òtútù, torí ẹja yẹn kì í ṣe ẹja kan ṣáá. Ẹnu rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ pọ̀ bí abẹ́rẹ́ nínú páálí. Bí ooru bá mú, ohunkóhun tó bá ń dán ló máa ń gbá tẹ̀lé. Bí omi bá ti tutù, ó di ọ̀lẹ. Á lọ dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, ìwọ lo máa gbé oúnjẹ lọ bá a lẹ́nu. Ìjẹ irin tí wọ́n rọ bíi ṣíbí ni Oiva máa ń lò. Á jù ú, á jẹ́ kó rì, á ká okùn díẹ̀, á dúró, á tún ká a. Omi tó bá okùn jáde á di yìnyín sí àwọn òrùka ara ọ̀pá, Oiva á ti ọ̀pá bọ adágún kí yìnyín lè yọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbádùn kí n máa wò ó ju kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ó ṣe díẹ̀ tí ẹja kankan ò jẹ. Ni àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Oiva ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn mi. Ó ní bó ṣe ń ká okùn yẹn, àfi bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, pé hauki á ti rò pé ìjẹ náà ní ibi tó ń kánjú lọ. Oiva kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkùnrin náà mú ọ̀pá kejì kó wá kọ́ wa. Ohùn àlejò rọ̀ nígbà tó dáhùn. Ó ní òun fẹ́ràn ẹja yìí púpọ̀, iṣẹ́ òun ni kì í jẹ́ kí òun ráyè. Òun kàn máa ń gba orí adágún yìí kọjá ni, òun kì í dúró. Mo gbọ́ tí ìjẹ rẹ̀ kan omi. Mo yí ọrùn wò ó. Kò ti ọ̀pá bọ omi rárá, síbẹ̀ kò sí yìnyín lára òrùka kankan.

Mo bu kọfí láti inú fúláàsì, mo na ife kan sẹ́yìn fún un. Ó dúpẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Nígbà tó dá ife náà padà, ó ní kọfí náà dùn. Mo dorí ife kodò kí n lè da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù, nǹkan kan ò dà. Kọfí náà kún ife bí mo ṣe bù ú, ó ti dì gbagidi. Oiva rí i, mo mọ̀ pé ó rí i, àmọ́ òun náà wojú omi.

Ìgbà yẹn ni ẹja jẹ ìwọ̀ àlejò. Ọkọ̀ yí orí padà fúnra rẹ̀. Inú Oiva dùn débi pé ojú rẹ̀ di ti ọmọdé, ó ń sọ bí wọ́n ṣe máa fà á, bí wọ́n ṣe máa dẹ̀ ẹ́. Nígbà tí hauki náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gùn tó àjẹ̀ mi. Oiva na ọwọ́ kó gbé e, mo gbá a lọ́wọ́. Àlejò nawọ́ kọjá èjìká mi, ó ti ọwọ́ bọ omi yẹn láìgbọ̀n, ó gbé ẹja náà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ẹja ò jà. Ó tẹ́ ẹ sáàárín èmi àti ọkọ mi.

Oiva bá sọ òfin adágún wa fún un, torí kò sí ẹni tó ń pẹja nínú ọkọ̀ onílé tí kì í gbọ́ ọ. Ọkọ̀ kan, awakọ̀ kan, apẹja kan. Ẹni tó bá ti ju ìwọ̀ nínú ọkọ̀ náà, àlejò ni o, onílé ni o, kò lè mú ohunkóhun fún ọ̀kan nínú wọn kó fi èkejì sílẹ̀, kò sì lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi máa ń la hauki láti ẹnu dé ìrù, kí apá méjèèjì dọ́gba. Àlejò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba òfin náà kí a tó pa ẹja.

Àlejò rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní, “Mo mọ òfin náà. Mo gbà á. Fún ẹ̀yin méjèèjì.”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀. Ìkùukùu ti bo etí ilẹ̀ méjèèjì. Apá mi òsì wúwo, mo ní àjẹ̀ ni. Àgbọ̀n mi ń dùn mí, mo ní òtútù ni. Ojú Oiva ni mo gbájú mọ́, torí ojú náà ti funfun lójijì. Mo ní àìsàn ọkàn rẹ̀ ti dé nìyẹn. Mo bi í pé ṣé àyà ń dùn ún. Kò tilẹ̀ wò mí. Ohun tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò.

Ohùn àlejò wá sún mọ́ etí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Raili, ó ti rẹ̀ ọ́. Gbé àjẹ̀ sílẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ mi fún un. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ náà kò tutù bíi yìnyín. Ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ adágún tí oòrùn ò dé rí. Gbogbo ìrora apá mi lọ. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dà bí ìgbà tí ìyá mi máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi lẹ́yìn ilé-ìwé, tí mo bá ti sùn lọ lórí àga. Àjẹ̀ kan bọ́ lọ́wọ́ mi.

Oiva sọ̀rọ̀. Ó ní èmi kọ́, òun ni, òun ni dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ kò le mọ́.

“Mo mọ ẹni tí mo wá mú,” ni àlejò wí. “Dókítà yín ò bi mí.”

Oiva di ẹja náà mú bí ẹni tó di ẹ̀rí mú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi tí mo sì ti ń bá a gbé láti ọjọ́ yìí wá, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, “O ti ju ìwọ̀ nínú ọkọ̀ wa. O ti fẹnu ara rẹ gbà á. Mú àwa méjèèjì, tàbí kí o fi àwa méjèèjì sílẹ̀. O ò lè mú ìyàwó mi lọ kí o fi mí sílẹ̀ sínú ilé yẹn.”

Omi kán láti ara ọ̀pá kan. Àlejò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọmọ tó fẹ́ràn ṣẹ́gun nínú ayò. Ó ní ó yẹ kí òun ti ṣe iṣẹ́ òun lórí afárá, àmọ́ ọ̀pá ìpẹja ni òun rí tí ọkàn òun fi fà sí i. Ó ní bí òfin bá jẹ́ òfin, kò burú.

“Ẹ̀yin méjèèjì, nígbà náà. Ọjọ́ tí ẹ bá tún jọ wọ ọkọ̀ kan náà lórí omi, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mi ò ní kánjú.”

Ìrora padà sí apá mi bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo yí ẹ̀yìn wò. Kò sí ẹnikẹ́ni ní iwájú ọkọ̀. Oiva fà mí sí ìdí ọkọ̀, ó bo ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ mi, ó di àjẹ̀ mú, ó sì wa ọkọ̀ yẹn délé bí ọ̀dọ́kùnrin. Ní gbogbo ọ̀nà, ojú mi ló ń wò. Nílé ìwòsàn, dókítà ní iṣan ọkàn mi kan ló dí, pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ó wá yíjú sí Oiva, ó bá a wí gidigidi torí pé ó fọwọ́ kan àjẹ̀. Oiva kàn ń rẹ́rìn-ín sí i bí òmùgọ̀.

Láti ìgbà náà, a ò jọ wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Bí ó bá wà lórí omi, etí adágún ni mo máa ń dúró sí tí n ó máa ju ìwọ̀ tèmi, a ó sì máa pariwo èébú síra wa lórí ẹni tí kò mọ ẹja pa. Marketta rò pé a jà ni. Lọ́dún kan ó ra ìwé ìwọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń lọ sí Sweden fún wa, ká lọ gbafẹ́. Mo ní òòyì máa ń kọ́ mi lórí òkun. Oiva ní òun ò fẹ́ràn àwọn ará Sweden. Ọmọ náà sunkún. Kò sí bí a ṣe lè ṣàlàyé fún un.

A ti darúgbó gan-an báyìí. Ọwọ́ Oiva ti ń gbọ̀n, kò lè so ìjẹ mọ́ okùn mọ́, èmi ni mò ń bá a so ó. Èmi náà, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé, mo ní láti jókòó sáàárín rẹ̀. Láti ìgbà díẹ̀ wá, ní gbogbo òwúrọ̀, tí a bá ti jẹ búrẹ́dì tán, ọ̀kan nínú wa á bi èkejì pé ṣé ó ti rẹ̀ ọ́. Èkejì á ní rárá o, ìwọ ńkọ́? A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì palẹ̀ tábìlì mọ́.

Lówùúrọ̀ òní, èmi ni mo bi í. Kò sọ pé rárá o. Ó wò mí pẹ́, bó ṣe máa ń wò mí láti ìdí ọkọ̀ nígbà tí a ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó wá dìde lọ mú ẹ̀wù òtútù tí mo máa ń wọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà náà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ó di ẹ̀wù náà mú kí n lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó ní sùúrù, kí n sọ èyí fún yín tán ná.