Irin Tó Wà Lọ́rùn Àbúrò Jáàkì

Ọkùnrin kan wà tó máa ń kí ara rẹ̀ nínú dígí. Bó bá ti bọ́ ẹ̀wù láàárọ̀, á gbé apá ọ̀tún sókè, á gbé tòsì, á kẹ̀yìn sí dígí, á sì yí ọrùn padà wo èjìká ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Alágbára, ẹ káàárọ̀ sà." Òun ló kí, òun náà ló ń dáhùn.

Jáàkì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó fi ọwọ́ lásán gbé ìdí ọkọ̀ kan sókè títí wọ́n fi pààrọ̀ táyà rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Ìbá dára ká ní ọwọ́ nìkan ló le. Ọkàn rẹ̀ le ju ọwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ sì burú ju méjèèjì lọ.

Ó ní jíìmù kan, yàrá gígùn tí wọ́n fi páànù bò, tí ooru inú rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bẹ́ǹṣì onígi wà níbẹ̀, ọ̀pá irin gbọọrọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn irin róbótó tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́tùn-ún lósì kó lè wúwo. Ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn, dígí ni láti òkè délẹ̀. Lókè dígí náà, Jáàkì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: GBÉ E, TÀBÍ KÓ PA Ẹ́.

Bó bá di Sátidé, yóò gbé àga sáàárín yàrá, yóò ní kí gbogbo àwọn tó ń gbérin lọ́dọ̀ òun bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n tò síwájú dígí, yóò sì máa dá wọn lẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ, ikùn rẹ ti jù ẹ́ lọ. Ìwọ, ẹsẹ̀ adìyẹ lo gbé wá síbí. Ìwọ tó wà lẹ́yìn un, ṣé ọkùnrin ni ẹ́ àbí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn?" Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ máa kàn. Géńdé ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ nílé, wọ́n á dorí kodò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Ta ló fi í jẹ adájọ́? Ẹran ara tí kòkòrò máa jẹ ló ń gbéra ga sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ló kan àwọn bẹ́ǹṣì náà. Ọ̀rẹ́ Jáàkì ni láti kékeré, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé. Láyé ìgbà náà, bí Jáàkì bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tó fẹ́ ti ọ̀pá irin sókè láti àyà, Káfíńtà á dúró níbi orí rẹ̀, á na ọwọ́ sílẹ̀, pé bí apá rẹ̀ bá kọ̀, òun á gbà á. Nígbà tó yá, Káfíńtà fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Kò fi irin sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá wọn rẹ́rìn-ín ní Sátidé mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pe Jáàkì sí ìdákọ́ńkọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, àwọn èèyàn tó ò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, Ọlọ́run ló dá wọn. Ìwọ náà lẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́jọ́, kò sì ní wo apá ẹ rárá."

"Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú," ni Jáàkì wí. "Apá ẹ ti ń rọ̀, lo fi sá lọ bá Jésù. Àwọn tí ò lè dá gbé ẹrù ara wọn ló ń kún ṣọ́ọ̀ṣì."

"Òótọ́ lo sọ," ni Káfíńtà fèsì. "Mi ò lè dá gbé tèmi. Ìwọ náà ò lè dá gbé tìẹ, o kàn ń ṣe gànràngànràn kiri ni."

Inú bí Jáàkì gidigidi. Ó ní kó máa lọ, kó má fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ jíìmù òun mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣe òfin tuntun: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró níbi orí ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa gba irin lọ́wọ́ òun, onítọ̀hún ti gbà pé òun ò ní lè gbé e kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sì mọ irin gbígbé mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún ẹni tó dá wà. Ìdè kékeré kan wà tí wọ́n fi ń de ẹnu ọ̀pá náà, kí irin róbótó má baà yọ. Bí èèyàn bá dá wà, kì í dè é, nítorí bí apá bá kọ̀, á jẹ́ kí ọ̀pá náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin á yọ̀ jábọ́ sílẹ̀, onítọ̀hún á sì dìde ní àlàáfíà. Jáàkì sọ ìyẹn náà di èèwọ̀. "Ẹ dè é," ló máa ń sọ. "Ọkùnrin ń dè é. Ojo ló ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kó lè rí ibi sá gbà." Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ gbáà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ tóbi ló sọ ọ́, ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dè é.

Jáàkì ní àbúrò kan ṣoṣo. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí jíìmù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó tín-ín-rín, ó sì mọ aṣọ rán débi pé bó bá ti wo èèyàn látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò nílò okùn ìwọnṣọ mọ́. Ìyá wọn ti kú. Jáàkì ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló fi í sẹ́nu iṣẹ́, òun ló fẹ́yàwó fún un, kò sì sí ẹni tí Télọ̀ fẹ́ràn tó o láyé. Ṣùgbọ́n bó ṣe tín-ín-rín yẹn ń ti Jáàkì lójú. "Àwọn èèyàn á rò pé èmi ni mò ń bá ẹ jẹ oúnjẹ ẹ," ló máa ń sọ fún un. Ó sì fà á wá sí jíìmù tipátipá.

Ní Sátidé kan, wọ́n kó irin tó ju agbára Télọ̀ lọ sí ọ̀pá, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Ó wo irin náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rọra ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan lè bá mi dúró níbi orí?"

Jáàkì wo àwọn tó kù yíká. "Ṣé kí n lọ jí ìyá wa dìde ni, kó wá bá ẹ gbà á?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà, pé ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé òun máa gbé irin yẹn, kí ẹ̀gbọ́n òun lè fi òun yangàn lẹ́ẹ̀kan péré. Àgbàlagbà ọkùnrin, oníyàwó nílé, ló ń wá kí wọ́n fi òun yangàn bí ọmọ ilé ìwé. Ohun tí ẹnu Jáàkì sọ ọ́ dà nìyẹn, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n ti jíìmù pa, ṣùgbọ́n Télọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó wọlé lọ́sàn-án, ó to irin náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lánàá, ó sì de ẹnu ọ̀pá náà lọ́tùn-ún lósì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbi orí rẹ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè yìí náà ni Jáàkì máa ń wá síbẹ̀, kó lè fi òróró para, kó sì wo ara rẹ̀ nínú dígí láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gbọ̀n ló kọ́kọ́ rí. Ọ̀pá irin wà lọ́rùn rẹ̀. Jáàkì gbá irin náà mú, ó jù ú sọnù, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wúwo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kò wá mọ ohun tó kù láti ṣe. Ojú Télọ̀ ti yí padà, èémí tó ń jáde lọ́fun rẹ̀ ń dún bí fèrè tó ti fọ́. Jáàkì gbé e mọ́ àyà, ó sì sáré bọ́ sójú títì.

Ní ọsibítù, wọ́n dá ihò sí Télọ̀ lọ́fun, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kó lè rí èémí mí. Dókítà ní bí ọ̀fun náà bá tún wú sí i, òun ò lè ṣèlérí kankan. Jáàkì jágbe mọ́ dókítà, ó jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì, ó ta àga nípàá. Ọkùnrin tó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kò lè fi èémí kan ṣoṣo kún ti àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin ò ní gbà gbọ́ ohun tó wá ń sọ fún àwọn tó wá kí wọn. "Ta ló ní kó lọ dá gbé e? Òun ló kó bá ara ẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀." Ìyàwó Télọ̀ gbọ́ ọ. Ó dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jọ jókòó sí, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lódìkejì.

Káfíńtà gbọ́, ó sì wá. Jáàkì pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́? O wá fi mí rẹ́rìn-ín, àbí?"

"Mi ò wá rẹ́rìn-ín. Àbúrò ẹ wà láàárín ikú àti ìyè, ìwọ ń wá ẹni tó o máa di ẹ̀bi rù. Ìwọ lo ní kẹ́nikẹ́ni má dúró tì í. Ìwọ lo ní kó dè é. Ẹnu ẹ ló gbé irin yẹn sí i lọ́rùn."

Jáàkì gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó sì tì í lẹ̀ mọ́ ògiri. Káfíńtà kò jà. Ó ní, "Nà mí. Bó o bá nà mí tán, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn á ṣì wà lọ́rùn ẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹ, ó sì ti kú nítorí ẹ̀. Jésù ni. Ìwọ lò ń ṣagídí pé o máa dá gbé e."

Jáàkì fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì jáde wá. Ó ní Télọ̀ ti lajú, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n òun. Jáàkì wọlé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Ó ti to ohun tó máa sọ bí Télọ̀ bá bú u, kódà ó ń retí kó bú u, kí òun náà lè bú u padà. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé bí òun bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà náà díẹ̀, ohùn lè jáde. Ó fi ìka dí i. Ohùn kan tó ha ló jáde, díẹ̀ ló kù kí Jáàkì má mọ̀ ọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú sí mi. Ó kù díẹ̀ kí n gbé e."

Nọ́ọ̀sì gbé ìka kúrò kó lè mí. Télọ̀ tún juwọ́ pé kó dí i padà.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ torí mi."

Jáàkì wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì bú sẹ́kún níwájú nọ́ọ̀sì. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ló tún ń bẹ̀ ẹ́. "Èmi ni," ló ń sọ. "Àbúrò mi, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́." Ó pe Káfíńtà wọlé, ó sì bi í pé, "Kí lèèyàn máa ń sọ fún Ọlọ́run?"

"Sọ òótọ́," ni Káfíńtà wí.

"Ọlọ́run, apànìyàn ni mí. Ẹnu mi ni mo fi ń pa wọ́n. Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ ṣe ẹlẹ́yà, mo jókòó sórí àga tí kì í ṣe tèmi. Apá mi ò ká ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Jésù, gbà á lọ́wọ́ mi. Gbà mí."

Ọlọ́run gbọ́ ọ, níbẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ ọsibítù. Ìyàwó Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó máa dáhùn bí Jáàkì bá kí i, Jáàkì kò sì dá a lẹ́bi. Télọ̀ yè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Títí dòní, oníbàárà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Jáàkì lọ sílé àwọn tó ti fi ṣe ẹ̀sín, ó ń tọrọ àforíjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gbà. Ọ̀kan tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Má sọ fún mi pé o kì í gbérin. Ìyàwó tó bímọ fún ẹ, tó wá sanra, tó ò ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀sín níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ta ló fún ẹ láṣẹ? Ọmọ ẹ tó ò ń pè ní ọ̀lẹ lójoojúmọ́, tó ń gbìyànjú títí tó fẹ́ ya wèrè kó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣé o rò pé Ọlọ́run kò rí i? Ó rí i, inú sì ń bí I. Àyà tó ò ń fẹ̀ kiri kò ní dúró lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ní kó o wá ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹ jáde.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tínú ń bí yìí náà ló fi Ọmọ Rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ẹ. Ọmọ náà kò ní ọwọ́ kankan nínú ìgbéraga ẹ, síbẹ̀ Ó gbà kí wọ́n gbé ìyà rẹ̀ lé Òun lórí. Kí ló tún kù tó ò ń dúró dè? Àbúrò Jáàkì yè é. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún ẹ pé ẹni tìẹ máa yè é, tàbí pé ìwọ gan-an máa rí ọ̀la.

Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí. Bí àwọn èèyàn bá ń wò ẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa wò. Sọ òótọ́ fún Jésù, kó o sì gbà pé apá ẹ ò ká a. Bó o bá ti dìde, lọ bá ẹni tó o ti fi ṣe ẹ̀sín lónìí, kó tó di pé òun ló ń bẹ̀ ẹ́ bíi ti Télọ̀.